Chedly Tó Wọ Táì Létí Adágún Ìlúwẹ̀ẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ pa á tì. Ẹ kà á tán, pàápàá ẹ̀yin tí ẹbí ń pè lórí fóònù tí ẹ kì í gbé e.

1.
Olùkọ́ ìṣirò ni Chedly nílùú Sfax. Lọ́dọọdún, tí ìgbà ooru bá ti dé, òun, Raoudha ìyàwó rẹ̀ àti Sirine ọmọ wọn a wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí erékùṣù Kerkennah, sílé Naziha, ìyá tó bí Chedly. Ibẹ̀ ni gbogbo ẹbí máa ń péjọ sí. Èèyàn mọ́kàndínlógún, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan ṣoṣo. Orí òrùlé ni wọ́n ń tẹ́ ẹní sí, Taoufik àbúrò Chedly a sì máa hanrun bíi jẹnẹrétọ̀ tí epo fẹ́ tán nínú ẹ̀.

Lọ́dún tí à ń wí yìí, aládùúgbò kan fi fọ́tò òtẹ́ẹ̀lì tó lọ létí òkun nílùú Hammamet han Chedly. Ó wọ̀ ọ́ lójú gan-an.

"A ò lọ Kerkennah lọ́dún yìí," ló sọ fún Raoudha. "Ṣé báyìí ni n óò máa tò sẹ́yìn àwọn ọmọ Taoufik lẹ́nu ilé ìgbẹ́ títí n óò fi kú ni?"

"Bàbá Sirine, kí lẹ fẹ́ wá sọ fún Màmá?"

"Fìyẹn sílẹ̀ fún mi."

Ó pe ìyá rẹ̀, ó ní ìwé ìdánwò tí òun fẹ́ máàkì pọ̀, òun ò lè kúrò ní ilé-ìwé.

Ìyá bẹ̀ ẹ́. "Ọmọ mi, gbìyànjú o. Tọdún yìí, mo fẹ́ kí gbogbo yín pé."

Chedly ò béèrè ìdí.

2.
Òtẹ́ẹ̀lì náà dára lóòótọ́, fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta, Chedly rí i pé àfi kóun jí ní ìdájí kóun bá àwọn ìyá àgbà òyìnbó sáré kóun tó rí àga jókòó sí létí adágún ìlúwẹ̀ẹ́. Sirine ò rẹ́ni bá ṣeré, ó wá ń bá ológbò òtẹ́ẹ̀lì sọ̀rọ̀.

Lọ́sọ̀ọ̀sán, Ìyá Naziha a pè lórí fídíò. Chedly a sáré lọ síbi ògiri funfun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún, a wọ ṣẹ́ẹ̀tì, a so táì mọ́rùn. Nísàlẹ̀, ṣòkòtò péńpé ìlúwẹ̀ẹ́ ló wà nídìí rẹ̀, omi ń ro tótó.

"Chedly, o ti jẹun?"

"Iṣẹ́ ò jẹ́ o, Màmá." Òróró ẹja sì ń dán létè rẹ̀.

3.
Àṣírí tú lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kẹta. Bó ṣe ń ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀ bí orí ṣe ń fọ́ òun, ẹ̀rọ gbohùngbohùn pariwo:

"Ọ̀gbẹ́ni Chedly, yàrá kejìlá! Ẹ̀yin ló kàn nínú ìdíje ijó inú omi!"

Àwọn oníjó méjì tó dé fìlà ìyẹ́ yọ, wọ́n fà á lọ́wọ́. Fóònù yí bìrí. Ìyá rí táì, ó rí itan níhòòhò, ó rí adágún.

"Ilé-ìwé yín mà tutù o," ni Ìyá Naziha wí. Ó pa fóònù.

Ká ní ó bú u ni, ì bá sàn.

4.
Wọ́n kó ẹrù kíá, ó di Kerkennah. Odindi ọjọ́ kan ni wọ́n fi tò nínú oòrùn ní èbúté kí wọ́n tó rí ọkọ̀ wọ̀. Nígbà tí wọ́n dé ilé Ìyá, ẹrù ilé ti wà níta. Taoufik ń kan pákó mọ́ fèrèsé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀ láti ilé-ìwé," ni Taoufik wí.

"Kí lẹ̀ ń fi ilé ṣe?"

"À ń tì í pa ni. Omi òkun ti jẹ ìpìlẹ̀ rẹ̀, yàrá kan ti wó. Orúnkún Màmá náà ò gbé wọn mọ́, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń bọ̀ ní Sfax. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fẹ́ kí gbogbo wa pé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi dúró dè yín."

Chedly wólẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀. "Màmá, ẹ dárí jì mí."

"Mo ti dárí jì ọ́. Dìde, wá gbé àpótí." Ìyá wò ó láti òkè délẹ̀. "Ijó inú omi yẹn, ṣé o tiẹ̀ gba ipò kìíní?"

"Rárá, Màmá."

"Háà. O wá pàdánù méjèèjì."

5.
Títí dòní, bí ẹbí náà bá ti jókòó ti oúnjẹ kúsíkúsì, ọ̀rọ̀ ìgbà ooru ọdún yẹn ni. Wọ́n á sọ bí ewúrẹ́ ṣe jẹ ṣòkòtò Taoufik nígbà tí ọkùnrin náà wà lómi, tó wá fi àwọ̀n ẹja bo ìdí délé. Wọ́n á sọ bí Ìyá ṣe ń na ẹja ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ mọ́ àpáta kó lè rọ̀, tó fi bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, tó sì lẹ̀ mọ́ orí ìyàwó Taoufik. Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn.

Chedly náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn gbogbo èèyàn ni tirẹ̀ máa ń bọ̀.

"Ẹ dúró ná," ló wí lọ́jọ́ kan. "Ewúrẹ́ wo nìyẹn?"

Sirine fọwọ́ kàn án léjìká. "Bàbá, a ò sí níbẹ̀."

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kà á, ẹ ṣọ́ra o. Ilé tó há, àbúrò tó ń hanrun, ìyá tó ń pè jù: kò sí èyí tí yóò dúró dè yín títí láé nínú wọn. Bí wọ́n bá ní kí ẹ wá, ẹ lọ. Ẹ má fi ìgbádùn àjèjì gba ipò wọn. Ẹ fi fóònù tí ẹ fi ń ka èyí pe ìyá yín báyìí, kí ẹ sì sọ ibi tí ẹ wà gan-an fún wọn.