Alùpùpù Oyètádé

Kí Ọ̀gbẹ́ni Láṣebìkan tó lọ wo alùpùpù àtijọ́ kan tí wọ́n fi ń gun àpáta, tó fẹ́ rà kó sì tún ṣe, ó ti ra bàtà búùtù tí yóò fi máa yangàn. Ìyá Oyètádé ṣílẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìnkùlé fún un nírọ̀lẹ́. Gbogbo irin alùpùpù náà ti dógùn-ún, àmọ́ ẹrẹ̀ tútù wà níbi tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀.

“Mọ́mì, ta ló ń gùn ún?”

“Kò sẹ́nì kankan, látìgbà tọ́mọ mi ti kú. Orí ìdúró ló máa ń wà tó bá ń gùn ún.”

“Èmi á jókòó ní tèmi, káyé lè rí mi dáadáa.”

Ni alùpùpù bá tẹ̀ wálẹ̀, bí ẹni pé ẹnìkan gun orí rẹ̀. Ìyá ò sá.

“Oyètádé, ọkọ mi, sọ̀kalẹ̀. Wọ́n fẹ́ bá ọ tún un ṣe ni.”

Ó pẹ́ díẹ̀ kí alùpùpù tó rọra padà sókè bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

“Ẹ máa gbé e lọ, sà,” ni ìyá wí, tó ń sunkún. “Ó ti lọ.”