Chang Tí Mo Dì Lọ́dún Yìí

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o.

Èmi Letchumi, ọmọ Tamil, ni mo jókòó tí mò ń di chang, ìrẹsì tí a fi ewé ọparun dì, tí àwọn ará Ṣáínà máa ń fi ṣọdún.

Swee Gaik, aládùúgbò mi tó jẹ́ ará Ṣáínà, ló máa ń dì í, tí yóò na tèmi sí mi lórí ògiri.

Tèmi ń tú. Ewé ń ya, ìrẹsì àti ẹ̀wà inú rẹ̀ ń dà sílẹ̀.

Thilaga, ìyàwó ọmọ mi, ní, "Màmá, ṣé chang rèé àbí àpò tó já?"

"Panu mọ́, ìwọ tí àkàrà dosa rẹ dà bí ewé tí ewúrẹ́ jẹ kù!"

Mo bá dá orin tí èmi àti Swee Gaik jọ máa ń kọ láti ẹ̀yìn ògiri:

"Ewé, dì í mú o, okùn, dì í mú."

Mo dúró kí Swee Gaik gbè é.

Kò gbè é.

Nígbà tó jinná, mo gbé e lọ sílé wọn. Boon Hock, ọkọ rẹ̀, ló ṣílẹ̀kùn.

"Letchumi, ta ló sọ fún ẹ?"

"Swee Gaik náà ni. Ó ní ilé tó bá ń ṣọ̀fọ̀ kì í di chang lọ́dún náà, aládùúgbò ní í dì í fún wọn."

Lẹ́yìn Boon Hock, Swee Gaik ń rẹ́rìn-ín sí mi nínú àwòrán ìsìnkú rẹ̀, tùràrí ń rú níwájú rẹ̀.

Boon Hock mú chang kan. Ó tú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Bàbá tí kì í kọrin yìí ló wá gbè é, jẹ́jẹ́:

"Ohun tí a fẹ́ràn kò ní tú."