Ẹnjiníà àti Ẹ̀rọ Tó Ń Ka Àṣìṣe

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Òótọ́ lèyí, ojú mi ló ṣe ní ilé iṣẹ́ wa tó ń ṣe rédíò ní Guadalajara, ní Mẹ́síkò.

Ẹnjiníà tuntun kan, táì ọrùn ẹ̀ gùn ju ọgbọ́n ẹ̀ lọ, ń lu tábìlì. Àárọ̀ yẹn ló gba ìjókòó ìdí ẹ̀rọ lọ́wọ́ Doña Eduviges, ìyá tó ń fi ẹ̀rọ náà dán rédíò wò.

“Ẹ ti ba ẹ̀rọ yìí jẹ́, ìyá yìí! Mo pàṣẹ fún un, kò ṣe é. Mo bi í léèrè, àṣìṣe ló ń kà fún mi!”

“Ẹnjiníà, ṣé ẹ ka ìwé tó ṣàlàyé bá a ṣe ń pàṣẹ fún un?”

“Ìwé kẹ̀? Èmi tí mo gboyè méjì?” Ó kọjú sí máníjà wa tó dúró níbẹ̀. “Ẹni tó bá ni àṣìṣe yìí, kó máa lọ sílé lónìí!”

Máníjà gbà.

Ìyá ṣí ìwé. “Tẹ́ ẹ bá pàṣẹ òdì, ẹ̀rọ ò ní pariwo, á kàn tọ́jú àṣìṣe yẹn pamọ́ títí ẹ ó fi bi í léèrè ni. Ìdí tá a fi ń pa gbogbo ẹ̀ rẹ́ nìyẹn ká tó dìde fún ẹlòmíì.” Ó yọ pépà tí òun àti ẹnjiníà jọ fọwọ́ sí láàárọ̀ kó tó dìde fún un: kò sí àṣìṣe kankan nínú ẹ̀rọ nígbà yẹn.

Àṣìṣe mẹ́tàdínlógún ni ẹ̀rọ wá kà báyìí. Máníjà nawọ́ gba káàdì tí wọ́n fi ń wọ géètì lọ́rùn ẹnjiníà.

Ẹ̀yin náà, ẹ kọ tiyín ránṣẹ́ sí mi.