Jìnnìjìnnì àti Ọrun Tí Kò Gba Eré Òfo

Ọkùnrin kan wà tí kò ní àbùkù méjì. Ẹyọ kan tó ní ló tóbi bí ilé. Ó fẹ́ràn láti máa dẹ́rù ba èèyàn. Káfíńtà ni, ó sì mọṣẹ́ náà dunjú, àmọ́ Jìnnìjìnnì ni gbogbo àdúgbò ń pè é.

Ọrun onígi àtijọ́ kan ló fi ń bá ẹgbẹ́ tafàtafà ṣeré lọ́jọ́ ìsinmi. Nílé, á yọ́ dé ẹ̀yìn ìyàwó rẹ̀ tó ń ránṣọ, á fa ọrun náà láìfi ọfà sí i, á sì jù ú sílẹ̀ létí rẹ̀: fìn-ín! Obìnrin náà á fò sókè, abẹ́rẹ́ á gún un lọ́wọ́. Nígbà míì á ṣubú sẹ́nu ọ̀nà, á máa ké pé, "Ẹ gbà mí, mo kú o!" Bí wọ́n bá sáré dé, á ní, "Ẹ wo ojú yín bí ojú ẹran tó rí ọ̀bẹ!" Èmi náà sáré lọ rí, bàtà mi kan ṣì wà nínú gọ́tà.

Nígbà tí ọrun onígi náà gbó, tọkọtaya náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù obìnrin àgbà kan tó ń ta ọrun. Ọrun mẹ́ta ló gbé kọ́ ògiri, oníkẹ̀kẹ́ ni gbogbo wọn, irú èyí tí kẹ̀kẹ́ kékeré wà lókè àti nísàlẹ̀ rẹ̀, tí okùn ń gbà kọjá. Jìnnìjìnnì nàka sí èyí tó wọ́n jù.

"Ìyẹn ń wá ẹni tó máa gba ife ẹ̀yẹ," ni obìnrin náà wí. "Ìwọ ń wá ẹni tó máa wò ẹ́."

"Èyí tó pọ́ọ́kú yìí ńkọ́, Màámi?"

"Ti ọmọdé ni. Apá rẹ gùn jù ú lọ."

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ẹ mú ti àárín, ọkọ mi. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́."

Obìnrin náà wọn apá rẹ̀, ó sì tún ọrun ti àárín ṣe títí tó fi bá a mu bí ẹ̀wù tí a rán mọ́ ọn lára. Ìyẹn nìkan ni ọgbọ́n tí Jìnnìjìnnì lò lọ́dún náà, ìyàwó rẹ̀ ló sì bá a gbọ́n ọn.

"Gbọ́ mi dáadáa," ni obìnrin náà wí. "Bí o bá fà á tí kò sí ọfà nínú rẹ̀, rọra dá okùn padà. Má jù ú sílẹ̀ lófo láéláé. Agbára tó yẹ kí ọfà gbé lọ, ara ọrun ló máa padà sí, á sì fọ́ mọ́ ẹ lójú."

"Mo ti gbọ́, Màámi."

Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ọ̀sẹ̀ náà ò tíì parí tó fi lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà onígbàjámọ̀ tó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà rẹ̀, ó fa ọrun òfo, ó jù ú sílẹ̀. Gbàù! Kílípà la títì sí àárín orí oníbàárà. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, àfi Jìnnìjìnnì. Ọwọ́ ń ta á. Nígbà tó wo apá òkè ọrun náà, ó rí ibi tó sán, ìlà kan tó tín-ín-rín bí irun.

Ojú tì í láti padà sọ́dọ̀ Màámi. Ó wá ṣe ohun tí káfíńtà nìkan lè ṣe: gọ́ọ̀mù tó fi ń lẹ ẹsẹ̀ àga ló fi lẹ ọrun, ó kùn ún ní ọ̀dà dúdú.

Lọ́jọ́ kejì, ó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, níbi tí ìyàwó rẹ̀ jókòó sí tó ń ránṣọ, láti wò ó bóyá gọ́ọ̀mù ti mú. Ó fà á dé etí. Ó gbọ́ ọ lókè orí rẹ̀: pá. Ohùn kékeré, bíi ti igi gbígbẹ tó fẹ́ dá. Pá. Bó bá jù ú sílẹ̀, á fọ́. Bó bá dì í mú, á fọ́. Kó rọra dá a padà, apá rẹ̀ ti ń gbọ̀n.

"Ìyàwó mi," ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni pé ọrun náà ń gbọ́. "Wá bá mi di okùn yìí mú. Jọ̀ọ́."

Obìnrin náà ò gbójú kúrò lára aṣọ. "Ẹ ò rí mi mú lónìí."

"Mi ò ṣeré. Ó ti ń sán."

Onígbàjámọ̀ pariwo láti òdìkejì: "Ọ̀gá, ti òní yìí mà dùn o! Ẹ sunkún díẹ̀ sí i!"

Ó sunkún lóòótọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Nígbà náà ni ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ohun tí kò gbọ́ rí: eyín ọkọ rẹ̀ ń lu ara wọn. Ó fò dìde, àga ṣubú lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹ dì í mú! Mo ti ń bọ̀!"

Pá.

"Padà! Má dé ibí!" Jìnnìjìnnì kẹ̀yìn sí i kí ọrun náà má baà bà á. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa lé èèyàn sá fún ire onítọ̀hún.

Ọsán já, ọrun dọ̀pá. Dókítà yọ èérún ọrun kúrò nínú ojú ọ̀tún rẹ̀, àmọ́ kò rí ìríran dá padà síbẹ̀.

Káfíńtà a máa di ojú kan kó tó mọ̀ bóyá pákó gún. Tiwa ò ní láti dì í mọ́. Bí afẹ́fẹ́ bá pa ilẹ̀kùn dé, á fò sókè, á di orí mú. Ìyàwó rẹ̀ sì ti kọ́ láti máa wúkọ́ kó tó wọlé tọ̀ ọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìpayà ṣeré, ẹ gbọ́: ẹni tó ń ké "ẹ gbà mí" nígbà tí nǹkan kan ò ṣe é, ó ń kọ́ àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ láti jókòó ni. Bí ẹ bá fẹ́ ra nǹkan tuntun, ẹ ra èyí tó bá apá yín mu, àmọ́ ẹ ra ìkìlọ̀ tó bá a wá pẹ̀lú. Ọrun ti àárín náà dára. Ìwà àtijọ́ tí Jìnnìjìnnì gbé lé e lọ́wọ́ ló fọ́ ọ.