Òórùn Orí Àtẹ̀gùn

Frau Petzold, aládùúgbò mi ní Leipzig yìí, tún ń kan ilẹ̀kùn mi. Ó fọwọ́ dí imú.

"Ìyáàfin, kí lẹ tún ń sè? Òórùn yín ti fẹ́ẹ̀ pa wá!"

"Mi ò dáná láti ìjẹta o. Ẹ jẹ́ ká lọ wo bàbá tó ń gbé lókè."

"Rárá o! A kì í já lu èèyàn nílé níbí."

Mo pe ọlọ́pàá. Wọ́n já ilẹ̀kùn.

Bàbá ti kú. Wọ́n ti jẹrà sórí àga.

Ọlọ́pàá ní, "Ta ni mọ̀lẹ́bí wọn?"

Frau Petzold ní, "Bàbá mi ni. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ la jọ fàdéhùn sí."

Ìgbà yẹn gan-an ni èébì wá gbé mi.