Ẹni Tí Mo Ní Mo Mọ̀

Láti ọjọ́ tí ọ̀kadà ti gbé mi ṣubú, tí mo fi orí gbá kọ́ńkéré, tí mi ò sì fi bẹ́ẹ̀ dá ènìyàn mọ̀ mọ́, gbogbo àdúgbò ló ń dán ọpọlọ mi wò.

"Ọlátóyè, ta ni mí?" Bí mi ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ̀rín á sọ. "Ọ̀gá yunifásítì, orí kọ̀ǹpútà ti kú!" Àwọn àgbà á ní ìgbéraga ni kò jẹ́ kí n kí àwọn. Inú á máa bí mi.

Ìbínú yẹn ni mo ń bá bọ̀ láti ìsàlẹ̀ odò lálẹ́ ọjọ́ kan. Òjò ń rọ̀ winniwinni. Lójijì, gbogbo ọ̀pọ̀lọ́ dákẹ́.

"Ọlátóyè, ṣé o mọ̀ mí?"

Bàbá arúgbó kan ló dúró lẹ́yìn mi. Aṣọ rẹ̀ gbẹ nínú òjò. Ìdánwò yìí ti sú mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo fi ohùn líle parọ́ pé, "Mo mọ̀ yín dáadáa, sà! Ará ilé ńkọ́?"

"Wọ́n ń retí rẹ. Lọ́jọ́ tí o ṣubú, mo di ọwọ́ rẹ mú, o ní o ò mọ̀ mí. Mo bá fi ọ́ sílẹ̀, torí a kì í mú ẹni tí kò bá mọ̀ wá lọ sọ́run."

"Ẹ fi mí sílẹ̀! Irọ́ ni mo pa, mi ò mọ̀ yín rí!"

"Ó ti bọ́ lẹ́nu rẹ, ọmọ mi. O ti kí mi, o sì ti béèrè ará ilé."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì di ọwọ́ mi mú. Iná ilé àbúrò mi ń tàn lọ́ọ̀ọ́kán. Mo la ẹnu láti ké pè é, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò wá.