Ìyá Géètì

Kò sí obìnrin tó ń wọ ṣọ́ọ̀ṣì Òkè Ìyanu ní Òkókómáíkò tí kì í kọ́kọ́ dá Bámikẹ́ lóhùn. Orí àpótí ló máa ń jókòó sí lẹ́nu géètì, níbi tí wọ́n ń bọ́ bàtà sí, á sì bèèrè jẹ́ẹ́jẹ́: "Ṣé ara yín mọ́?" Ẹni tó bá ń ṣe nǹkan oṣù kò gbọdọ̀ wọlé. Òfin ni. Bámikẹ́ kì í sì í wojú ẹnikẹ́ni; ìyàwó alàgbà gan-an ti padà sílé rí, tòun ti sùtánà tó lọ̀ dáadáa.

Ìyá Géètì làwọn ọ̀dọ́ ń pè é, wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín. Kò bìkítà. Bí ìsìn bá bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ló ti ń gbọ́ ìwàásù látinú sípíkà, àmín rẹ̀ a sì máa lọ sókè ju tàwọn tó wà nínú ilé lọ. Ó ní báàgì dúdú kan tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé. Ibẹ̀ ló ti ń yọ ike omi ewé ugwu tó pò mọ́ mílíìkì, á máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ti fi àga inú ilé lọ̀ ọ́ títí, ó ní kí wọ́n jẹ́ kóun máa ṣọ́ ibi tóun ń ṣọ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, Bùsáyọ̀ tó ń dirun ní Ìyànà Ìbà dé, ó fi ọwọ́ di ikùn mú.

"Ṣé ara ẹ mọ́?"

"Rárá, mà. Mo lóyún, ẹ̀jẹ̀ sì tún ti ń yọ. Méjì ti bàjẹ́ lára mi. Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí Wòlíì ṣáà gbọ́wọ́ lé mi lórí, màá jáde."

"Jókòó síbi ibòji yẹn. Bí ìsìn bá parí, wọ́n á gbàdúrà fún ẹ níta."

"Ó lè ti bọ́ kí ìsìn tó parí!"

"Òfin ni, ọmọ mi."

"Ṣebí obìnrin onísun ẹ̀jẹ̀ fọwọ́ kan ìṣẹ́tí aṣọ Jésù, mà. Ta ló lé e?"

Inú bí Bámikẹ́. Ta ló fẹ́ fi ìtàn yẹn kọ́ òun? "Ṣé èmi ni Jésù? Bí kálukú bá ń ṣe tinú ẹ̀, kí wá lèrè ẹni tó ń pa òfin mọ́?"

Bùsáyọ̀ bú sẹ́kún, ó sáré. Bámikẹ́ dìde fùú láti dí i lọ́nà, àfi bí òòyì ṣe kọ́ ọ, ó di irin géètì mú. Kó tó lajú, ọmọbìnrin náà ti wọlé. Àwọn èèyàn ní ṣe ni Bùsáyọ̀ tì í. Kò bá wọn jiyàn.

Orin dákẹ́. Bámikẹ́ na ọrùn, ó ń retí kí wọ́n wọ́ ọ jáde. Ó rí àbàwọ́n pupa lẹ́yìn aṣọ funfun ọmọ náà. Ó rí Wòlíì Adéṣínà tó sọ̀ kalẹ̀, tó kúnlẹ̀ tì í, tó gbọ́wọ́ lé e lórí. Háà! Wọn ò lé e! Gbogbo ìjọ ṣe àmín, Bámikẹ́ kò lè ṣe é.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń retí kí òfin gbẹ̀san. Ó ń tijú ohun tó ń retí, síbẹ̀ ó ń retí rẹ̀. Oyún náà dúró.

Lọ́jọ́ ìdúpẹ́, Bùsáyọ̀ kúnlẹ̀ lẹ́nu géètì, ó na ọmọ sí i. "Ẹ má bínú sí mi, mà. Ẹ bá mi gbé e, ẹ súre fún un."

Bámikẹ́ fa ọwọ́ sẹ́yìn. "Máa gbé e wọlé. Ìsìn ti bẹ̀rẹ̀."

Bùsáyọ̀ gbé ọmọ wọlé, Wòlíì tó jáde wá pàdé wọn ló dá dúró ti Bámikẹ́. Bámikẹ́ ò lè pa á mọ́ra mọ́. "Bàbá, òfin wá ńkọ́?"

"Mo bá a níbí ni, Ìyá. Ẹni tó bá ń bẹ̀ mí, ṣé màá wá lé e? Látijọ́ tí mo ti wà níbí, òun nìkan ló bèèrè."

Bámikẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé báàgì rẹ̀, kò dúró gba ìrẹsì ìdúpẹ́.

Nígbà tó dé yàrá rẹ̀ ní Ìbà, ó ti ilẹ̀kùn, ó da àwọn àkísà inú báàgì náà sínú bàsíà omi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ kúrò lára wọn, bó ṣe ń fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́ láti ọdún méjìlá tí ẹ̀jẹ̀ náà ti ń sun, tí òun ti gbé àpótí sẹ́nu géètì, tí kò sì tíì wọlé.